Igun dúdú lára ọmọ ayò: ìrírí mi pẹ̀lú bíbo píksẹ́lì

Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá igun dúdú jà. Eré ayò ni mo ń kọ sórí bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ní ojú tirẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè máa fi kọ́ ìṣirò láìsí pé à ń wá kọ̀ǹpútà tàbí iná kiri. Páwà báǹkì lásán ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Adó-Èkìtì níbí ni mo ti ń ṣe é. Ọmọ ayò rí roboto, ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán tó bá wọ inú mẹ́mọ́rì, onígun mẹ́rin ló ń dà. Àárín roboto àti onígun mẹ́rin yìí ni ìyà ti jẹ mí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà tún ibẹ̀ gbà.

Bọ́ọ̀dù náà ni STM32F429 Discovery. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó píksẹ́lì 240 (píksẹ́lì ni ẹ̀yọ àmì kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán), ó ga tó 320. Mo lo RGB565, ọ̀nà ìkọ àwọ̀ kan tó fún pupa ní bíìtì 5, àwọ̀ ewé ní 6, búlúù ní 5, níbi tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ti ń gba báìtì 2, nítorí náà ojú kan ṣoṣo gba báìtì 153,600. Ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16 sí 16, ìyẹn píksẹ́lì 256. Roboto tó wà nínú rẹ̀ gba nǹkan bíi 201. Ó ku 55 ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọpọ́n rárá. Ọmọ ayò 48 ló wà lórí ọpọ́n, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò 12. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò kùn àti èyí tí yóò fò. Ohun tó ń sọ fún un ni mò ń pè ní ìbòjú.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn aláró rí yóò tètè mọ ohun tí mò ń wí. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń kó ẹ̀kọ láfún lé aṣọ, tàbí kí wọ́n gbé páànù tí wọ́n ti gé ihò sí lára lé e kí wọ́n sì fi ẹ̀kọ ra á. Bó bá gbẹ, wọ́n á ri gbogbo aṣọ bọ inú aró. Odindi aṣọ ló wọlé, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ wà kò gba aró. Aró kò mọ̀ pé ẹyẹ ni wọ́n yà. Ẹ̀kọ ló mọ̀. Ẹ fi ọkàn sí i pé ẹ̀kọ ò sọ irú àwọ̀ tí aṣọ yóò ní. Ibi tí àwọ̀ kò gbọdọ̀ dé nìkan ló ń sọ. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo fẹ́ kí àwọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ.

Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà ni pé mo fi àwọ̀ kan ṣe àmì: ibi tí àwọ̀ yìí bá wà, má kùn ún. Dúdú, 0x0000, ni mo mú (0x ni àmì nọ́mbà tí a ń ka ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún). Kò pẹ́ tí ihò fi ń yọ láàárín ọmọ ayò, nítorí pé òjìji abẹ́ rẹ̀ ní dúdú gidi nínú, ìgbátí ọpọ́n sì ń hàn láti inú rẹ̀. Mo yí i sí àwọ̀ osùn títàn tí àwọn oníṣẹ́ àwòrán máa ń lò, 0xF81F, torí kò sí irú rẹ̀ lára igi tàbí lára ọmọ ayò. Ihò lọ, ṣùgbọ́n òrùka osùn tẹ́ẹ́rẹ́ yí gbogbo ọmọ ayò ká. Ìdí rẹ̀ ni pé 64 sí 64 ni mo ti ya àwòrán náà kí n tó sọ ọ́ di 16. Nígbà tí a bá ń dín àwòrán kù, ẹ̀rọ ìyàwòrán ń po píksẹ́lì etí pọ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eérú ara ọmọ ayò dà pọ̀ mọ́ osùn, ohun tó sì jáde kì í ṣe 0xF81F mọ́. Bí bíìtì kan péré bá yàtọ̀, kì í ṣe àmì mọ́ lójú ẹ̀rọ, yóò kùn ún.

Bí ẹ bá máa lo àwọ̀ fún àmì, ẹ ya àwòrán ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lójú bọ́ọ̀dù gan-an, ẹ pa ohun tó ń mú etí dán nínú ẹ̀rọ ìyàwòrán, kí ẹ sì fi PNG pamọ́. Ẹ má fi JPEG pamọ́ láéláé. JPEG máa ń yí àwọ̀ padà díẹ̀díẹ̀ láti fi dín báìtì kù, ó sì máa ń ba àmì jẹ́ lójú kan náà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ka tó ń gbé àwòrán lọ sí ojú bọ́ọ̀dù yìí, LTDC, mọ bí a ṣe ń fi àwọ̀ ṣe àmì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ ń sọ àwọ̀ di bíìtì 8 fún pupa, 8 fún àwọ̀ ewé, 8 fún búlúù, kó tó fi wé àmì. Bíìtì òkè ló sì fi ń kún ìsàlẹ̀. Nítorí náà pupa tó jẹ́ 0x10 nínú bíìtì 5 kì í di 0x80, 0x84 ló ń dà. Ẹni tó bá kọ 0x80 sínú rẹ́jísítà, àpótí kékeré inú ẹ̀rọ tí a ń kọ ètò sí, máa retí títí. 0xFF00FF, ìyẹn 0xF81F lẹ́yìn ìyípadà yìí, kò ní ìṣòro yìí, torí pé gbogbo bíìtì rẹ̀ tàn tàbí kú pátápátá, èyí sì ni ìdí gidi tí mo fi ń gba àwọn èèyàn níyànjú pé kí wọ́n mú un.

Mo fi èyí sílẹ̀ lọ bá DMA2D, ẹ̀ka tó ń da àwòrán kọ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú mẹ́mọ́rì láìyọ ọpọlọ ẹ̀rọ lẹ́nu. DMA2D kò ní àwọ̀ fún àmì. Álífà ló mọ̀: nọ́mbà kan lára píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bó ṣe nípọn tó. Mo sọ àwòrán mi di ARGB1555, níbi tí bíìtì kan ṣoṣo tó wà ní ipò 15 ti jẹ́ álífà, tí bíìtì 15 yòókù sì jẹ́ àwọ̀. Mo fi 0 sí igun, 1 sí ara ọmọ ayò. Mo tan ẹ̀rọ, igun dúdú mẹ́rin ló yọ sí mi.

Ọmọdé kan tó bá mi dán eré náà wò ní, "Bọ̀dá, àbí inú páálí ni ọmọ ayò yìí wà ni?" Bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́: ọmọ ayò eérú kan nínú páálí dúdú lórí igi aláwọ̀ ilẹ̀.

Mo yẹ àwòrán wò, ó pé. Mo yẹ álífà wò, ó pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé DMA2D ní ọ̀nà iṣẹ́ mẹ́rin, inú rẹ́jísítà CR ni a ti ń yàn án. 0 ń da báìtì kọ bó ṣe wà. 1 ń da á kọ, ó sì ń yí irú àwọ̀ padà. 2 ń pò ó mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn. 3 ń fi àwọ̀ kan ṣoṣo kun ojú. Mo ti yan 1, torí pé ARGB1555 ni mo ní, RGB565 ni mo sì fẹ́, "yíyí padà" sì dún bí ohun tí mò ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà 1 kì í fo píksẹ́lì kankan. Ó ka píksẹ́lì tí álífà rẹ̀ jẹ́ 0, ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0, ó sì kọ 0 sílẹ̀. RGB565 kò ní ibi tí yóò fi álífà sí, álífà bá ṣègbé. Dúdú ló kù.

Ọ̀nà 2 nìkan ló ń bojú. Kì í ṣe pé ó ń fo píksẹ́lì níbẹ̀ pàápàá. Ó ń ka àwòrán tuntun, ó ń ka ohun tó ti wà lórí ọpọ́n tẹ́lẹ̀, ó ń pò wọ́n gẹ́gẹ́ bí álífà ti wí, ó sì ń kọ èsì padà. Níbi tí álífà jẹ́ 0, èsì jẹ́ ohun tó ti wà níbẹ̀ gan-an. Torí náà a gbọ́dọ̀ sọ fún un ibi tí yóò ti ka ẹ̀yìn. Fún tèmi, ibi kan náà tí yóò kọ sí ni: BGMAR (àdírẹ́sì ẹ̀yìn) àti OMAR (àdírẹ́sì èsì) gba nọ́mbà kan náà, BGOR àti OOR (àfo tí wọ́n ń fò láti ìparí ìlà kan dé ìbẹ̀rẹ̀ èkejì) gba 224, ìyẹn 240 yọ 16. Píksẹ́lì ni a fi ń ka àfo yìí, kì í ṣe báìtì. Mo kọ 448 nígbà àkọ́kọ́, ọmọ ayò sì di ìlà tó fọ́n ká. FGOR, àfo ti àwòrán tuntun, jẹ́ 0. Nínú NLR, 16 wà lókè fún fífẹ̀, 16 nísàlẹ̀ fún gíga. Àwọn tó ń sọ irú àwọ̀ ló kù: FGPFCCR (ti àwòrán tuntun) gba 3 fún ARGB1555, BGPFCCR àti OPFCCR gba 2 fún RGB565. Bíìtì AM inú FGPFCCR gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Bí ẹ bá fi 1 sí i pẹ̀lú 255, ẹ ti ní kó fi 255 rọ́pò gbogbo álífà nìyẹn, páálí dúdú á sì padà wá.

Ó yẹ kí n ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wà lára ẹ̀rọ láti ọjọ́ pípẹ́. Amiga, kọ̀ǹpútà kan tó jáde ní 1985, ní ẹ̀ka ìdàkọ tó ń gba orísun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan: A, B, C. Bí a bá fi ìbòjú sí A, àwòrán sí B, tí a sì fi ẹ̀yìn sí C, nọ́mbà 0xCA ń sọ fún un pé níbi tí A jẹ́ 1, mú B. Níbi tí A jẹ́ 0, mú C. Lára VGA, ẹ̀ka àwòrán kọ̀ǹpútà IBM, ní 1987, rẹ́jísítà kan wà tó ń bo bíìtì, èyí tó jẹ́ 8 ní ibudo 3CEh, ṣùgbọ́n ibi tí a bò kì í dúró bó ṣe wà fúnra rẹ̀. Inú ìkòkò kékeré mẹ́rin tó ń kún nígbà tí a bá ka mẹ́mọ́rì ojú ló ti ń mú un. Bí o kò bá kọ́kọ́ ka ibẹ̀ kí o tó kọ, ohun àtijọ́ tó wà nínú ìkòkò ni yóò dà síbẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀: ẹ̀rọ tó máa pa ohun kan mọ́ gbọ́dọ̀ rí i ná.

Igun dúdú lọ. Ọmọ ayò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Mo gbé mẹ́rin sínú ihò kan, méjì ló hàn. Kóòdù mi ò dúró kí DMA2D parí èkíní kó tó kọ ètò èkejì. Nígbà tí ìdàkọ bá ń lọ lọ́wọ́, àwọn rẹ́jísítà yìí kì í gba ohun tuntun, wọn kì í sì í ké. Ẹ dúró títí bíìtì START inú CR á fi padà di 0, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí, mo kó àwòrán ọmọ ayò sí mẹ́mọ́rì tó bẹ̀rẹ̀ ní 0x10000000, torí pé báìtì 65,536 wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò. Ohunkóhun kò hàn mọ́. Ọpọlọ ẹ̀rọ nìkan ló lè dé mẹ́mọ́rì yẹn. DMA2D kò lójú ọ̀nà ibẹ̀. Bíìtì TEIF, tó ń kéde àṣìṣe ìdàkọ, ti tàn nínú rẹ́jísítà ISR, èmi ni mi ò wò ó. Láti ọjọ́ náà, TEIF àti CEIF, tó ń kéde àṣìṣe ètò, ni mo ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò tí àwòrán bá kọ̀ tí kò hàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tó ń yí PNG padà. Òmíràn ń fi álífà sí bíìtì 0 dípò 15. Àwọ̀ á yí díẹ̀, ìbòjú á sì dà bí ìgbà tí kòkòrò jẹ aṣọ. Ẹ fi píksẹ́lì pupa kan tó nípọn dán an wò: 0xFC00 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ 0xF801, ẹ̀rọ náà ti fi álífà síbi tí kò yẹ.

Bíìtì kan fún álífà kò tó fún ohun roboto tó kéré báyìí. Etí ọmọ ayò rí bí eyín ayùn. Mo gbìyànjú ARGB8888, tó ń fún álífà ní bíìtì 8, ó dán, ṣùgbọ́n ọmọ ayò kan gba báìtì 1,024. L8 ni mo padà fìdí kalẹ̀ sí: píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì kan tó ń tọ́ka sí inú àkọsílẹ̀ àwọ̀ 256, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ sì ní álífà tirẹ̀ láti 0 dé 255. Ọmọ ayò di báìtì 256, àkọsílẹ̀ jẹ́ 1,024 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Àwọ̀ tó wà ní ipò 0 ni mo fún ní álífà 0. Ẹ kó àkọsílẹ̀ náà wọlé kí ẹ sì dúró kó parí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ. Fún òjìji tó ní àwọ̀ kan ṣoṣo, A8 dára jù, torí álífà nìkan ni yóò wà nínú àwòrán, àwọ̀ á sì wá láti inú rẹ́jísítà FGCOLR. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ láfún: ìbòjú lọ́tọ̀, aró lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo yí sí L8, òrùka dúdú yọ ní etí. Ẹ̀rọ ìyàwòrán mi ti fi álífà dín àwọ̀ kù kó tó fi pamọ́. Eérú tó jẹ́ 160 ní álífà ìdajì ti di 80 nínú fáìlì. DMA2D tún gba 80, ó tún dá a sí méjì, ó di 40. Ó yẹ kí ọmọ ayò fi 80 kún àpòpọ̀, 40 ló fi kún un. Ibi tí a ti ń fi àwòrán pamọ́ ni ẹ ti máa pa èyí, kì í ṣe inú kóòdù.

Etí ojú bọ́ọ̀dù tún jẹ́ ìbòjú mìíràn, ẹ̀rọ yìí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣe é. Bí ọmọ ayò bá wà ní x = -5, òpó 5 ti jáde. Bí ẹ bá dà á kọ bẹ́ẹ̀, òpó 5 náà á yọ ní apá ọ̀tún ìlà tó wà lókè rẹ̀; ní ìlà àkọ́kọ́, mẹ́mọ́rì tó ṣáájú ojú ni yóò bà jẹ́. Ẹ fi 5 kún FGMAR (àdírẹ́sì àwòrán tuntun), ẹ sọ fífẹ̀ di 11, FGOR di 5, BGOR àti OOR di 229, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti x = 0. A4 kò lè ṣe èyí tí nọ́mbà tí a gé bá jẹ́ 1, 3 tàbí 5, torí píksẹ́lì méjì ló wà nínú báìtì kan níbẹ̀. Ìdí tí mo fi fi A4 sílẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì A8 ló ń gbà.

Ọmọ ayò kì í dúró sójú kan, nítorí náà mo ní láti máa dá ọpọ́n padà lábẹ́ rẹ̀. Kí n tó kun ọmọ ayò, mo ń fi ọ̀nà 0 da 16 sí 16 tó wà níbẹ̀ pamọ́, báìtì 512. Ìṣòro tó ṣẹlẹ̀ sí mi níhìn-ín ni pé àwòrán ọmọ ayò tó ti kúrò ń kù sí ilẹ̀ ihò. Mo ń dá wọn padà bí mo ṣe kùn wọ́n. Ọmọ ayò kejì gorí èkíní díẹ̀, nítorí náà ohun tí mo pamọ́ fún un ní apá kan èkíní nínú. Bí mo bá dá èkíní padà ná, dídá èkejì padà á tún gbé apá náà wá. Aṣọ tí a wọ̀ kẹ́yìn la kọ́kọ́ ń bọ́. Ẹ dá a padà láti ẹ̀yìn wá.

Fún ọmọ ayò kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta, mi ò lo DMA2D mọ́. LTDC ní ìpele méjì. Ọpọ́n wà ní ìpele kìíní. Ìpele kejì, mo sọ ọ́ di fèrèsé 16 sí 16 péré ní ARGB1555, báìtì 512, mo sì ń yí ipò fèrèsé padà nínú rẹ́jísítà WHPCR (òsì sí ọ̀tún) àti WVPCR (òkè sí ìsàlẹ̀). Ẹ fi bíìtì VBR sínú SRCR kí ìyípadà náà dúró di ìgbà tí ojú bá parí yíyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ayò á gé sí méjì ní àárín.

Ẹ̀yin tó ń lo OpenGL, àkójọ àṣẹ ìyàwòrán, lórí kọ̀ǹpútà ńlá, ibì kan wà tó jọ ọ̀nà 1 tèmi: glBlitFramebuffer, àṣẹ tó ń da àwòrán kọ. Onígun mẹ́rin scissor, tó ń pààlà ibi tí a lè kùn, ló ń bọ̀wọ̀ fún. Stencil, ìbòjú ti OpenGL, kò jẹ́ nǹkankan lójú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí stencil bojú, ẹ ya onígun mẹ́rin tó gbé àwòrán náà dípò kí ẹ dà á kọ. Òdìkejì rẹ̀ ni glClear, àṣẹ ìparẹ́ ojú, tó ń gbọ́ràn sí glColorMask àti glStencilMask. Bí ẹ bá gbàgbé wọn sí 0, ẹ máa pa ojú rẹ́ títí, kò ní í rẹ́.

Nísinsìnyí, mi ò kì í fi ọpọ́n igi dán ìbòjú tuntun wò mọ́. Igi ní àwọ̀ ilẹ̀ oríṣiríṣi, ó ń fi àléébù pamọ́. Mo máa ń tẹ́ onígun mẹ́rin kéékèèké funfun àti àwọ̀ ewé títàn sílẹ̀ bí ẹní, mo á gbé ọmọ ayò lé orí ààlà wọn, mo á fi fóònù ya ojú bọ́ọ̀dù, mo á sì fà á tóbi. Òrùka tàbí igun tó bá kù á hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo á gbé e sí x = -5, x = 235, y = -5 àti y = 315. Mo ti fi 0xA5A5 kún báìtì 512 ṣáájú ojú àti báìtì 512 lẹ́yìn rẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí padà lẹ́yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gígé mi ò tíì pé.